Ọwọ́ Bàbá Mi ní Kọ́nà Òkè Ẹ̀fọ̀n

Mo káwọ́ lé itan gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, mo sì ń wo sìtíárìn bó ṣe ń yí fúnra rẹ̀ níwájú mi. Nísàlẹ̀, irin tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ń pè ní iná, ń wọlẹ̀, ó ń gbéra, láìsí ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Jíà kúrò ní kẹta, ó bọ́ sí kejì, ó sì kọ́kọ́ gbọ̀n díẹ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń gbọ̀n ọ́n kí ó tó wọlé. Ọdún kẹfà rèé tí bàbá mi ti kú. Òun ló ń wa ọkọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntúàṣe, òṣìṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Ojú Ọ̀nà rán láti dán ọkọ̀ wò, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi aṣọ ìnujú bo imú. Mi ò dá a lẹ́bi. Ògógóró ni ọkọ̀ wa ń mu láti ìgbà tí bẹntiróòlù ti tán láyé, inú rẹ̀ sì máa ń rùn bí ilé tí wọ́n ti ń ṣe òkú àgbà.

“Ọwọ́ ta ló wà nínú rẹ̀?” ó bi mí, ó ń tọ́ka sí àpótí dúdú tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ sìtíárìn.

“Ti bàbá mi ni. Ajíbóyè lorúkọ wọn. Wọ́n jókòó síbí yìí pẹ̀lú wáyà lára títí àpótí yẹn fi gba ọwọ́ wọn tán.”

“Ẹ̀yin fúnra yín ò mọ ọkọ̀ wà?”

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ẹ mọ̀ ọ́n?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìnujú. Ta ló tún mọ̀ ọ́n? Àwọn tó mọ ọkọ̀ wà ti kú tán, òfin ò sì gbà kí alààyè fọwọ́ kan ohun tí kò kọ́. Bí o bá ní ọkọ̀ àtijọ́, àfi kí o ní òkú tí yóò máa wà á fún ọ, tàbí kí o fi ọwọ́ tí ìjọba ṣe sí i.

Ìjàpá ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ wa, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo. Ẹ̀yìn yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì wà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń wa ara wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní awara-rẹ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn wa láìdún pinpin. Méjì ti bá wa.

“Ẹ mọ òfin ìdánwò yìí, àbí?” ni Ògúntúàṣe wí. “Bí awara-rẹ̀ márùn-ún bá tò sí yín lẹ́yìn kí ẹ tó dé orí òkè, ẹ ti ń dínà nìyẹn. Ilé ìyọ́rin ni ọkọ̀ yìí ń lọ.”

“Àti àpótí?”

“Àti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ kì í yè níta ọkọ̀ tó ti gbà á. Ìyẹn náà, ẹ mọ̀ ọ́n.”

Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni kò jẹ́ kí oorun kùn mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí fún ìdánwò.

A gba kọ́nà àkọ́kọ́ kọjá, a gba ìkejì. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe òkè àfojúdi; àpáta ló dúró lápá òsì bí ògiri, ọ̀gbun ló wà lápá ọ̀tún, ọ̀nà sì ń lọ́ láàárín wọn. Ní kọ́nà kẹta, níbi tí àpáta ti yọ ikùn síta, iná gbéra pátápátá. Mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe rọlẹ̀. Ìka irin kékeré kan yọ lára àpótí, ìka tí mi ò rí kó ṣiṣẹ́ rí, ó sì tẹ àárín sìtíárìn. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí.

“Kí ló dé?” ni Ògúntúàṣe bi mí.

“Mi ò mọ̀, sà.”

Awara-rẹ̀ kẹta dé, ìkẹrin dé, ìkarùn-ún náà sì dé. Wọ́n tò sí wa lẹ́yìn pẹ̀lú sùúrù tó ń bí èèyàn nínú. Ó pẹ́ kí iná tó padà wọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

“Agbára rẹ̀ ò gbé òkè yìí,” ni ọkùnrin náà wí nígbà tí a dókè, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. “Ẹ ní àyè kan sí i, lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i, mà.”

Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Gbádégẹṣin ni mo gbé e lọ ní Iléṣà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, mẹkáníìkì sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò àti páìpù àwọn tó ń pọn ògógóró ló kù tó fi ń jẹun. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín.

“Wọ́n bi ìjàpá pé ìgbà wo ló máa ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ṣé ó ti wá tẹ́ báyìí?”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n fẹ́ yọ́ bàbá mi.”

 Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti orí bọ inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti ibẹ̀.

“Kabúrétọ̀ tó ń fún un lépo yìí, bẹntiróòlù ni wọ́n ṣe é fún. Ọtí ń fẹ́ ihò tó tóbi ju báyìí lọ. Méjì ni màá fi sí i. Màá fá orí ẹ́ńjìnnì, kó lè fún ọtí náà pọ̀ dáadáa kó tó gbiná. Ọtí kì í bínú tí wọ́n bá fún un. Sàlẹ́ńsà tó ti dípẹtà yìí, ààtàn. Tí mo bá ṣe é tán, o ò ní mọ̀ pé ọkọ̀ bàbá ẹ ni.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Ó yọ orí jáde, ó wò mí.

“Òkú kì í kọ́ṣẹ́ tuntun, Bọ̀ọ̀dá,” ni mo wí. “Bí wọ́n ṣe mọ ọkọ̀ yìí ni ọwọ́ wọn ṣe wà nínú àpótí. Tí ẹ bá fún un ní agbára tí wọn ò mọ̀, kí ni wọ́n máa fi í ṣe?”

“Bàbá ẹ tí mo mọ̀? Wọ́n á fò ni. Ṣé ìgbà kan wà tí wọn ò tú ọkọ̀ yìí?”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ìgbà èwe mi, ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo mọ̀ jù, nítorí abẹ́ ọkọ̀ ni ara rẹ̀ tó kù máa ń wà. Ó ń wá agbára kún agbára fún ìjàpá yìí. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń lé. Ó ní, “Kó ṣáà lè gun òkè ni.” Mo ní òkè wo? Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bí a bá sì ń lọ sí Adó, ọ̀nà Àkúrẹ́ ló máa ń gbé mi gbà, ọ̀nà tó jìn jù. Kò gbé mi gba Ẹ̀fọ̀n rí.

Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá Gbádé ṣe é. Kí ni ǹ bá ṣe? Ọkọ̀ tó lọ sí ilé ìyọ́rin, kì í padà wá bi ẹnikẹ́ni pé ṣé kabúrétọ̀ àtijọ́ ṣì wà lára òun.

Nígbà tó parí, tó jí ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì náà bú bí ẹran tí wọ́n já lókùn. Bọ̀ọ̀dá pàtẹ́wọ́, ó jó yíká ọkọ̀. A gbé e jáde sí ìgboro, ìgbà náà ni ojú tì í, torí pé ọwọ́ bàbá mi ò mọ ọkọ̀ mọ́. Kò tíì yẹ kó pa jíà dà tó fi ń pa á dà. Ọkọ̀ ń ta gìrì, ó ń kú, ó ń jí. Mo wo sìtíárìn tó ń gbọ̀n lọ́nà tí mi ò rí i kó gbọ̀n rí, omi sì bọ́ lójú mi, torí pé bí bàbá mi ṣe ń gbọ̀n nìyẹn nígbà àìsàn rẹ̀, tí kò mọ èmi náà mọ́.

“Ẹ dá a padà,” ni mo wí. “Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà.”

“Fi mí sílẹ̀ ná, jàre.” Bọ̀ọ̀dá ti ń ronú. “Ohùn ni. Etí ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Àpótí yìí ń gbọ́ràn, Abíọ́nà. Ohùn ẹ́ńjìnnì ló ń sọ fún wọn pé ó tó àsìkò láti pa jíà dà, mo sì ti pa ohùn yẹn dà.”

Ó lọ sí ààtàn, ó gbé sàlẹ́ńsà dídípẹtà wá, ó tún un so. Ohùn hanrun-hanrun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré padà dé. A gbéra, jíà gbọ̀n díẹ̀, ó wọlé. Bàbá mi ti mọ ọkọ̀ rẹ̀. Agbára tó wà lẹ́yìn ohùn náà kò kàn án. Ó kàn ń lò ó ni.

Ó ku ọ̀la kí ọjọ́ Jímọ̀ pé, èmi àti Bọ̀ọ̀dá gbé e lọ sí Òkè Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀. Ìjàpá fò. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é. Kọ́nà àkọ́kọ́ kọjá, ìkejì kọjá, Bọ̀ọ̀dá ń pariwo, “Ó dọwọ́ ẹ, Bàbá! Tẹná mọ́lẹ̀!” A dé kọ́nà kẹta. Iná gbéra. Ìka irin yọ.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Ọkọ̀ fà bí ìgbín lábẹ́ àpáta náà, pẹ̀lú kabúrétọ̀ méjì àti orí fífá. Bọ̀ọ̀dá Gbádégẹṣin tẹ̀ síwájú. Ó ń wo ìka irin náà.

“Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì,” ni mo wí.

“Rárá.”

“Kí ni ìka yẹn ń tẹ̀?”

“Fèrè ọkọ̀.” Ó nawọ́ sí abẹ́ sìtíárìn, níbi tí èdìdì pupa ti Ìgbìmọ̀ wà lórí wáyà tí wọ́n gé. “Kí òfin ìdákẹ́jẹ́ tó dé, gbogbo ọkọ̀ ló ń fun fèrè. Wọ́n gba ọwọ́ bàbá ẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé fèrè. Àpótí ò mọ̀ pé wọ́n ti gé e. Ó ń fun ún, kò dún.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí nìkan?”

Ó yíjú sí ọ̀gbun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti rí i lójú rẹ̀ kó tó la ẹnu.

“Awakọ̀ kì í kọjá níbi tí èèyàn rẹ̀ kú sí láìfun fèrè kí i,” ó ní. “Mo bá bàbá ẹ gba ibí yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, wọ́n á fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òkè á gba ohùn náà, á dá a padà. Wọ́n á ní, ‘Ó ti gbọ́.’ Ìgbà náà ni wọ́n tó ń tẹná.”

“Ta ló kú síbí?”

“Kí lorúkọ ẹ, Abíọ́nà?”

Mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ̀ pé ìyá mi kú lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọsibítù. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bàbá mi kì í lè jẹun lọ́jọ́ tí mo bá béèrè.

“Òjò ń rọ̀,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Ọkọ̀ ò gbé òkè yìí. Ó dúró níbí. Àwọn ìyá wa ní ká má sọ ọ́ fún ẹ, kó má baà dà bíi pé a ní ìwọ lo wúwo jù.”

Mo sunkún, mi ò fi bò. Bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ wá agbára fún ọkọ̀ yìí kó lè gun òkè kan tí ó ti pẹ́ jù láti gùn.

Nígbà tí mo sunkún tó, Bọ̀ọ̀dá mú nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan jáde lápò, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ọwọ́ ìjọba ni, ọwọ́ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tó lè rọ́pò ti bàbá mi nínú àpótí.

“Bàbá ń retí èsì,” ó ní. “Èsì ò sì ní wá. Tí a bá so fèrè, ibi tó bá ti dún ni wọ́n á ti gba ọkọ̀. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á dúró níbí lọ́la, ilé ìyọ́rin á gbé wọn. Jẹ́ kí n fi èyí sí i. Ó kéré tán, ọkọ̀ á kù fún ẹ.”

“Kí ni màá fi ọkọ̀ ṣe tí wọn ò bá sí nínú rẹ̀?”

 Ó fi ọwọ́ ìjọba náà lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Ní ẹsẹ̀ òkè, Bọ̀ọ̀dá dúró pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú àpótí, ó ń retí kí n mi orí. Ògúntúàṣe ti wọlé, ó ti fi aṣọ ìnujú bo imú. Mo wo àpótí dúdú náà. Mo fa ọwọ́ ìjọba yọ lápò mi, mo sì gbé e lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé.

“Orí ẹ ti dàrú,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Má fọwọ́ kan wáyà yẹn o!”

“Mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ jókòó ti bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ìjàpá gbéra. Ògúntúàṣe di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú. “Ha! Kí lẹ fún un jẹ?” ni ó ń wí. A gba kọ́nà méjì kọjá, kò sí awara-rẹ̀ tó lè bá wa. A dé abẹ́ ikùn àpáta, iná gbéra, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ọkọ̀ dákẹ́, ó ń tẹ́tí. Awara-rẹ̀ kan dé. Ìkejì dé.

“Ẹ tún bẹ̀rẹ̀,” ni Ògúntúàṣe wí.

Ìkẹta dé. Mo wo iná tó dúró sókè láìmira, ó sì wá yé mi pé kì í ṣe fèrè ni bàbá mi ń retí. Òkè ló ń retí. Mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo yọ orí síta sínú atẹ́gùn. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni ní ìyá mi. Àwọn àǹtí ló tọ́ mi, àǹtí ni mo sì ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà nira lẹ́nu mi bí oúnjẹ tí èèyàn ò jẹ rí.

“Ìyá mi o!”

Ohùn mi kọlu àpáta, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun, ó dákẹ́. Ìkẹrin dé lẹ́yìn wa. Mo ti ń fa orí wọlé nígbà tí òkè dáhùn, láti ibi tó jìn, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀ ju tèmi lọ.

Ẹsẹ̀ bàbá mi wọlẹ̀. Gbogbo agbára tí Bọ̀ọ̀dá fi sínú ẹ́ńjìnnì yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lẹ̀ wá mọ́ ìjókòó, ìjàpá sì gun Òkè Ẹ̀fọ̀n dé téńté bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbẹ̀.

Lórí òkè, Ògúntúàṣe nawọ́ sí abẹ́ sìtíárìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo èdìdì pupa tó wà lórí wáyà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

“Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ohùn èèyàn,” ó wí níkẹyìn. Ó so ọ̀já aláwọ̀ ewé, àmì pé ọkọ̀ yege, mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí, bí ẹni tí kò fẹ́ béèrè, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Ìyá mi ni, sà.”

Ó ṣí aṣọ kúrò nímú, ó kí mi, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Gbádégẹṣin ń sáré bọ̀ wá pàdé mi kí n tó dé ẹsẹ̀ òkè. Kò wo ọ̀já náà rárá.

“Mo ní kí o má so ó! Mo kìlọ̀ fún ẹ! Gbogbo ìsàlẹ̀ níbí ló dún dé!”

“Kí ló dún?”

“Fèrè! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ṣé mi ò mọ fèrè ọkọ̀ bàbá ẹ ni?”

 Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ sìtíárìn, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ tẹ èdìdì náà, tó ń fa ẹnu wáyà tí wọ́n gé. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì pa ilẹ̀kùn náà dé jẹ́jẹ́. Ó rìn yípo ọkọ̀, ó jókòó síbi tí Ògúntúàṣe jókòó sí.

“Jẹ́ ká padà gòkè,” ó ní.

A gbéra.  A gba kọ́nà àkọ́kọ́ kọjá, a gba ìkejì. Nígbà tí a dé abẹ́ ikùn àpáta, tí ẹsẹ̀ bàbá mi gbéra tí ìka irin sì yọ, mo nawọ́ sí gíláàsì, àmọ́ Bọ̀ọ̀dá ti yọ orí síta ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

“Ìyá Abíọ́nà!” ó pè é. “Ìyá Abíọ́nà, àwa la ń kọjá o!”

Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́ láyé tó láti jẹ́ orúkọ yẹn. Àwa méjèèjì dákẹ́, a ń retí pẹ̀lú bàbá mi, títí òkè fi dáhùn.